Ọwọ́ Tí Ajégúnlẹ̀ Ní Nígbà Kan

Nígbà tí orí ni wọ́n fi ń ru àpò simẹ́ńtì kúrò nínú ọkọ̀ òkun ní Àpápá ní Èkó, kò sí pátákó kan ní Ajégúnlẹ̀ tó ń kéde màsáàjì. Síbẹ̀, o kò lè gba àdúgbò kan kọjá lálẹ́ kí o má rí ẹni tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, tí ẹlòmíràn ń wọ́ ọ lẹ́yìn. Iṣẹ́ èbúté ló fà á. Láti 1926 tí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí omi Àpápá ni àwọn tó ń já ẹrù níbẹ̀ ti ń wá ibi tí owó ilé kò ti ní ga wọ́n lára, Ajégúnlẹ̀ ló sì sún mọ́ wọn jù. Nígbà tó di 1975, tí ìjọba ra simẹ́ńtì kọjá ohun tí èbúté lè gbà, tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tò sójú òkun tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí, tọ̀sán-tòru ni àwọn lébírà fi ń rù ú. Kílò 50 ni àpò kan. Ọrùn, èjìká, ìbàdí, orúnkún, kò sí èyí tí kì í ké nínú wọn bí ilẹ̀ bá ṣú.

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ náà. Bí bàbá bá ti wẹ̀ tán, yóò na ara sílẹ̀, yóò pe èyí tí kò tíì wúwo jù nínú wọn pé kó wá tẹ òun lẹ́yìn. Ọmọ yóò di ògiri mú, yóò máa fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ìbàdí lọ sí èjìká, bàbá yóò sì máa júwe: "Òkè díẹ̀. Ọ̀tún. Dúró síbẹ̀." Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo mọ bí ẹ̀yìn àgbàlagbà ṣe máa ń le gbandi lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kó tó wá rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí ìrora bá ju agbára ọmọ lọ, ó di ọwọ́ àwọn ìyá. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí Ìlàjẹ, Ìjọ (Ijaw), Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá oríṣiríṣi ti jọ ń lo ilé ìdáná kan, obìnrin kan máa ń wà tí gbogbo wọn gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá Ìjọ ni, nítorí àwọn ará etí odò yẹn kò fi iṣẹ́ ìwọ́ra ṣeré rárá. Yóò yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, tàbí kó bu àdín, kó po Robb díẹ̀ mọ́ ọn. Yóò kọ́kọ́ fi gbogbo ọwọ́ fa ẹ̀yìn gbọọrọ, lọ-bọ̀, títí ara yóò fi gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbá ẹran èjìká mú, tí yóò máa pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, kí èyí tó ti dì lè tú. Bí ó bá kan kókó, àtàńpàkò ni yóò fi ra ojú ibẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń mú ọkùnrin tó fi orí ru simẹ́ńtì láti àárọ̀ ké bí ọmọdé. Yóò wá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó parí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n pín ìwọ́ra sí irú ọ̀nà wọ̀nyí gan-an, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ orúkọ Johan Georg Mezger, dókítà ará Netherlands tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyá Ìjọ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí èèyàn 401 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ara àwọn tí wọ́n ń wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yá ju ti àwọn tí wọn kò wọ́ lọ. Bóyá wọ́n rọra wọ́ ọ ni o, bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú ni o, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún fi yí po, tí ìwọ́ra ti dáwọ́ dúró, púpọ̀ nínú àǹfààní náà ti lọ. Ibẹ̀ ni ọkàn mi dúró sí nígbà tí mo kà á. Ìwọ́ra kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan kó lọ. Ó fẹ́ ọwọ́ tó wà nítòsí, lónìí, lọ́la, lọ́tùnla. Ohun tí ojúlé wa ní nìyẹn, láìsan kọ́bọ̀, bí kò ṣe ẹja díẹ̀ tàbí ọṣẹ ìfọṣọ kan tí wọ́n bá fún ìyá náà nígbà tí owó bá dé.

Bákan náà ni ti ọmọ tuntun. Ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú báàfù, yóò gbé ọmọ lé e. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kànrìnkàn, ọṣẹ, lẹ́yìn náà òrí: apá, ẹ̀yìn, itan, àtẹ́lẹsẹ̀. Ní 1986, Tiffany Field àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe ń wúwo sí i lójúmọ́ fi ìpín 47 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò wọ́ lọ. Lónìí, mo mọ àwọn abiyamọ nínú fúláàtì ní Àpápá tí ọ̀nà ìyá ọkọ àti ìyá tiwọn jìn, tí wọ́n gbé fóònù ti ògiri, tí wọ́n ń wo fídíò kí wọ́n tó lè wẹ ọmọ ara wọn. Àánú wọn ń ṣe mí gidigidi. Wọn kò ya ọ̀lẹ, ẹni tí yóò dúró tì wọ́n ni kò sí.

N kò ní purọ́ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ àtijọ́ ṣe ló dára. Ajégúnlẹ̀ ni àdúgbò tó tọ́ Samson Siasia àti Odion Ighalo dàgbà, pápá Maracana ibẹ̀ kì í sì í dá rí láìsí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé omi gbígbóná lé ibi tó wú, tí wọ́n á máa fi agbára fà á. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tútù àti ìsinmi ló ń fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Tó bá wá jẹ́ pé egungun ló kán, wíwọ́ ọ lè bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn dókítà egungun ní Igbóbì, ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ń rí àwọn tí àwọn tó ń to egungun nílé di igi mọ́ lẹ́sẹ̀ pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi débẹ̀ mọ́, tí gígé nìkan ló kù. Ẹni tí ojúgun rẹ̀ kan ṣoṣo ṣàdédé wú tó sì gbóná lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ọ, ó lè tú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ikùn aboyún ńkọ́? Àwọn tó ń fi agbára yí ọmọ padà nínú ilé agbẹ̀bí ti fa ibi ọmọ ya kúrò lára ilé ọmọ rí, tí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ. Èyí kì í ṣe ohun tí ìrántí dídùn yẹ kó bò mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ ìsinsìnyí wá ńkọ́? Kọ̀ńténà ti gba iṣẹ́ lórí àwọn lébírà. Láti 2006 tí ìjọba ti fi èbúté lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹ̀rọ ló ń gbé ẹrù. Ìrora kàn ṣí lọ sára àwọn awakọ̀ tírélà ni, àwọn tó ń jókòó wákàtí lórí wákàtí ní Wharf Road àti Creek Road, tí ìbàdí wọn le bí igi. Ní ẹ̀yìn odi ilé ńláńlá tó wà ní GRA Àpápá, sípáà àti òtẹ́ẹ̀lì ń ta màsáàjì ní wákàtí-wákàtí: ti Sweden, ti òkúta gbígbóná, ti àtẹ́lẹsẹ̀, ti Thailand tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní ayé ní 2019. Yàrá mọ́ tónítóní, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ funfun, òórùn dídùn. Mo ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ara mi sì fúyẹ́ nígbà tí mo dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ́ mi kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò sì mọ èjìká tí mo fi ń gbé àpò. Awakọ̀ tírélà kò sì lè rí owó rẹ̀ san.

Àbùkù mìíràn tún ti wọ iṣẹ́ náà. Tí èèyàn bá sọ pé òun ń lọ fún màsáàjì ní Èkó báyìí, ẹ̀rín ìkọ̀kọ̀ ni àwọn kan ń rín, nítorí àwọn tó fi orúkọ rẹ̀ bo iṣẹ́ aṣẹ́wó. London rí irú rẹ̀ rí. Ní 1894, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba orúkọ iṣẹ́ ìwọ́ra là kúrò nínú irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì di ti àwọn oníṣẹ́ físíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Nàìjíríà náà ṣe òfin ní 1988 tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa bójú tó àwọn oníṣẹ́ físíò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Òfin yẹn kò ka ìyá Ìjọ inú ojúlé sí.

Ìyẹn ló ń dùn mí. Díẹ̀ nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì kù ní Awódi-Ọ̀ra àti Amùkókò, wọ́n ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn kò sì fẹ́ kọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ajérọ̀mí, kò jìnnà sí wọn. Kí ilé ìwòsàn pè wọ́n wọlé, kí oníṣẹ́ físíò fi egungun tó kán, ojúgun tó wú àti ikùn aboyún hàn wọ́n, kó sọ fún wọn pé ẹ má fọwọ́ kan eléyìí, ẹ gbé e wá. Kí àwọn náà sì jókòó sórí àpótí ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n na ẹsẹ̀ sínú báàfù níwájú àwọn abiyamọ, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọmọ hàn wọ́n.