Kọ̀ǹpútà tí ó mọ lẹ́tà wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ní ọdún 2006, àwọn ìyá kan tí wọ́n ń ṣe gàrí ní Ikpinlè ní kí n bá wọn kọ ìwé sí àwọn ará abúlé kan. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ mú ọkọ̀ wá lọ́la." Mo fẹ́ kí ìwé náà dára lójú, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Lẹ́tà Faransé nìkan ni ó wà lára ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: "E mu oko wa lola."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin márùn-ún dé, ọkọ́ ní èjìká wọn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ oko ni. Gàrí kò dé ọjà Pobè. Àwọn ìyá náà pàdánù owó, ojú sì tì mí.

Ní ọdún 2007, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Abuja, ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni mo ti rí kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí ó ní àwọ̀ funfun àti àwọ̀ ewé. XO ni orúkọ rẹ̀. Nicholas Negroponte, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ń dán an wò ní ilé ìwé kan ní Galadima, ní Abuja.

Ara ẹ̀rọ yìí yàtọ̀. Ó ní etí méjì bíi ti ehoro. Bí ẹ bá gbé etí náà sókè, ẹ̀rọ kan á máa bá èkejì sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Ẹ lè ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ nínú oòrùn. Rọ́bà bo ibi tí a ń tẹ̀, kí eruku má baà wọlé. Iná díẹ̀ ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní ẹ, ọ àti ṣ. Mo tẹ "ọkọ̀", ó sì jáde bí ó ti yẹ. Mo rántí gàrí.

Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti sọ pé dọ́là 100 ni wọn yóò máa tà á, ṣùgbọ́n ní 2007 ó ti di dọ́là 188. Wọ́n ní Nàìjíríà yóò ra mílíọ̀nù kan. Kò rà á.

Lónìí, tẹlifóònù púpọ̀ ní lẹ́tà wa, bí a bá wá a nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan kò bá sì ní i, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bíkì, kí ẹ fi àmì sí i.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sínú kàyé yín, kí ẹ kà wọ́n sókè: oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọn, gàrí rẹ̀ á dé ọjà.