Hostal dos Reis Católicos: Ilé Ìwòsàn Àná, Ilé Ìtura Òní

Ní ìlú Santiago de Compostela, ní ilẹ̀ Galicia, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Sípéènì, gbàgede ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Obradoiro. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, òkúta náà ni wọ́n sì fi kọ́ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yí i ká. Kàtídírà tí àwọn onígbàgbọ́ sọ pé ibojì Àpọ́sítélì Jákọ́bù wà nínú rẹ̀ ni olórí wọn. Bí èèyàn bá kọjú sí kàtídírà yìí, ilé gbọọrọ kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan gbàgede náà. Hostal dos Reis Católicos nìyẹn. Ilé ìtura onírawọ̀ márùn-ún ni lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí olówó ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìrìn àjò mímọ́ ló bí i. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yúróòpù wá síbi ibojì náà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó lókìkí jù, láti ẹsẹ̀ òkè Pyrenees ní ilẹ̀ Faransé, yóò rìn tó nǹkan bí 800 kìlómítà. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ló ń dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ bíbó, ibà àti ebi. Ọba Fernando àti Ọbabìnrin Isabel ilẹ̀ Sípéènì, àwọn Reis Católicos (Ọba Kátólíìkì) tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ, wá sí ìlú náà ní 1486. Nígbà tó di 1499, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé ńlá kan tí yóò máa gba irú àlejò bẹ́ẹ̀, tí yóò sì máa tọ́jú aláìsàn inú wọn. Enrique Egas ló ya àwòrán ilé náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1501. Ó lé ní irinwó ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìwòsàn, kó tó di ilé ìtura ní 1954.

Kí á tó wọlé, ẹ jẹ́ ká dúró síta wò ó dáadáa. Níwájú rẹ̀ ni àwọn òpó òkúta kúkúrú tò sí, tí ẹ̀wọ̀n irin so wọ́n pọ̀. Ààlà ni wọ́n: ibẹ̀ ni àṣẹ ilé ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ògiri ilé fúnra rẹ̀ kò lọ́ṣọ̀ọ́ púpọ̀. Òkúta gíráníìtì aláwọ̀ eérú ni, òjò ibẹ̀ kì í sì í dá bọ̀rọ̀, nítorí náà ewédò ti mú un láwọn ibì kan. Ibi tí wọ́n kó gbogbo ọ̀ṣọ́ sí ni ẹnu ọ̀nà. Láti ilẹ̀ títí dé òkè, wọ́n fín òkúta ibẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fín fàdákà. Ádámù àti Éfà wà nísàlẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì méjìlá tò sórí ìlà kan lókè ilẹ̀kùn. Lábẹ́ ìlà yìí, Isabel wà lápá kan, Fernando wà lápá kejì, ojú ọba àti ayaba nínú òkúta. Àlejò tí kò mọ̀wé rárá yóò ti mọ ẹni tó ń gbà á lálejò kó tó tẹ ìloro.

Inú ilé ni ọgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ ti hàn jù. Ó ṣe gbogbo ilé náà ní onígun mẹ́rin, ó wá fi àgbélébùú sí àárín rẹ̀, àgbélébùú yìí ló pín inú ilé sí àgbàlá mẹ́rin. Orúkọ àwọn tó kọ Ìhìn Rere ni wọ́n fi sọ wọ́n: Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù. Méjì nínú wọn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, méjì yòókù jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó yí wọn ká, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀ bí ó ṣe wù ú, èèyàn lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìtutù.

Níbi tí apá àgbélébùú ti pàdé ni ilé ìsìn kékeré wà. Òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbé òrùlé rẹ̀ ga fíofío. Nínú apá àgbélébùú yẹn ni ibùsùn àwọn aláìsàn wà, kí ẹni tí kò lè dìde lè máa gbọ́ Máàsì láti orí ẹní rẹ̀. Nígbà náà, wọ́n máa ń gba àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sọnù pẹ̀lú. Ilé ìsìn yìí ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Rosalía de Castro, ọ̀gá nínú àwọn akéwì ilẹ̀ Galicia, ní 1837. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà ni pé wọn kò mọ òbí rẹ̀.

Lónìí, yàrá àlejò ló kún ibẹ̀: ibùsùn onígi olópòó mẹ́rin, aṣọ ìkélé tó wúwo, fèrèsé tó jìn wọnú ògiri nítorí bí ògiri ṣe nípọn tó. Agogo kàtídírà ń lù nítòsí. Bí ebi bá dé, oúnjẹ ilẹ̀ Galicia ń bẹ: ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wà funfun àti ànàmọ́ sè, àti àkàrà òyìnbó álímọ́ńdì tí wọ́n ku ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sí lórí, tí àmì àgbélébùú Jákọ́bù sì hàn láàárín rẹ̀.

Ìjọba Sípéènì ló ni ilé yìí, lábẹ́ àjọ ilé ìtura Paradores. Ní 1928 ni wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ wọn lórí òkè Gredos, ilé wọn sì ti lé ní àádọ́rùn-ún báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé olódi, bíi ti Cardona, tàbí ilé àwọn mọ́ńkì, bíi ti Santo Estevo. Wọ́n lẹ́wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n odi tí wọ́n mọ kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ rẹ̀ tì kó tó lè gbàlejò. Ilé àwọn mọ́ńkì náà, àwọn tó sá fún ariwo ayé ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ti Santiago yàtọ̀. Ẹni tó rìn títí tó fi rẹ̀ ẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ dè, ẹni tó rìn títí tó fi rẹ̀ ẹ́ ṣì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òótọ́ ni pé owó yàrá ibẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lọ, ohun tó sì ń dun èèyàn nìyẹn. Ìdí nìyí tí àṣà kan fi wù mí ju gbogbo òkúta fífín ẹnu ọ̀nà lọ: ilé náà ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fún arìnrìn-àjò mẹ́wàá tó bá kọ́kọ́ dé lójúmọ́ lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́wàá kéré, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ilé náà rántí àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ sọ ilé àtijọ́ di ilé ìtura, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn.