Ìyá Àgbà Ti Dé, Oorun Rẹ̀ Ṣì Wà ní Houston

Àwa ará Yaba kì í jẹ́ kí ẹni tó ti àjò dé sinmi. Bí ìyá kan bá ti Houston bọ̀, níbi tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la ti kún pálọ̀ rẹ̀. Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà, ọmọ ńkọ́? Kó tó dáhùn tán, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sórí àga, ó ti ń hanrun. Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan jáde nírú ilé bẹ́ẹ̀, kó ní Amẹ́ríkà ti yí i lórí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà ooru wọn, wákàtí 6 ni Èkó fi ṣíwájú Houston. Bí òtútù bá dé tí wọ́n yí aago wọn, ó di 7. Aago mẹ́sàn-án tí à ń kí i yẹn, aago mẹ́ta òru ni lára rẹ̀. Ta la máa jí lóru tí yóò rẹ́rìn-ín sí wa?

Àwọn tó wọ ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, kò mọ ìyọnu yìí. Bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n ń lò lórí omi láti Apapa dé Liverpool, aago ibẹ̀ kì í sì í fi ju wákàtí kan yàtọ̀ sí tiwa. Òtútù nìkan ló ń kí wọn káàbọ̀. Ẹni tó bá ti London dé lónìí tó ní aago ló ń da òun láàmú, àìsùn inú bàálù ni.

Ohun tó ń pín ọ̀sán àti òru fún ara wà nínú ọpọlọ, lẹ́bàá ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń darí rẹ̀. Kì í sáré. Bí wákàtí kan lóòjọ́ ló ń sún. Àbọ̀ sílé sì le ju àlọ lọ, nítorí ó rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn láti pẹ́ sùn ju láti tètè sùn lọ.

Ti àlọ tilẹ̀ ní ẹ̀rín nínú. Ìkókó kì í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ké láago mẹ́ta òru, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni lára ìyá àgbà: ojú rẹ̀ ti dá, omi ìwẹ̀ ti wà lórí iná. Àwọn òbí ọmọ á máa yin sùúrù ìyá. Wọn ò mọ̀ pé Yaba ló ṣì wà.

Bó bá padà délé, wọ́n á ní kó tètè jáde lọ yá oòrùn aago méje. Kó dúró ná, ní tèmi. Aago kan òru nìyẹn lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ irú ìgbà bẹ́ẹ̀ sì ń ti aago ara sẹ́yìn sí i ni. Láti bí aago mọ́kànlá lọ ni kó rìn láti Alágoméjì lọ sí ìhà Sábó, bí ooru bá gbà fún un. Kó má sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Bó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó ti bi dókítà bí yóò ṣe tún àsìkò rẹ̀ tò kó tó wọ bàálù.

Àwa olùkíni ńkọ́? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ká lọ. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni lára rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò ti là kedere, a ó sì gbọ́ ìròyìn ọmọ tán, títí kan èyí tí ìyá ọmọ ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.