Gbígbọ́ Kọjá Etí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tó mọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo “duymak” nínú èdè Tọ́kì. Bí ó bá bá “ses” rìn, tí í ṣe ohùn, gbígbọ́ ni. Ṣùgbọ́n “acı duymak” ni kí ìrora mú ènìyàn. “Saygı duymak” ni kí á bọ̀wọ̀ fún ẹni. “Gurur duymak” ni kí orí ẹni wú nítorí ohun rere. Etí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn Tọ́kì tún mú “hiss” láti inú èdè Lárúbáwá, wọ́n fi “etmek” kún un, ó di “hissetmek”, síbẹ̀ “duymak” kò kúrò ní ipò rẹ̀. Fífi etí sílẹ̀ ní tirẹ̀ ni “dinlemek”, gẹ́gẹ́ bí “istama‘a” ti yàtọ̀ sí “sami‘a”.

Kí èyí má ṣe yà wá lẹ́nu. Àwa Yorùbá ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ọ̀wọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń túmọ̀ “duymak” kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí ó bá a rìn. Ọ̀rọ̀ tí a há sórí láìmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó ni yóò já wa kulẹ̀.