Miura kan lórí òkè, ọkọ̀ ojú omi wa ní Ìlàjẹ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fíìmù díẹ̀. Ẹ lọ wá The Italian Job ti ọdún 1969, kì í ṣe ti 2003 o. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò.

Ọkùnrin kan ń wa Lamborghini Miura aláwọ̀ ọsàn lórí òkè Alps. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Matt Monro ń kọrin, ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, mọ́tò náà ń bá a lọ́. Ó wọnú ihò òkè, gbàgà! Katapílà ló ń dúró dè é níbẹ̀. Wọ́n ti mọ́tò jù sínú ọ̀gbun.

Èmi ọmọ Ìlàjẹ, mọ́tò kọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Ọ̀nà ni. Tí èmi bá ń lọ Ayétòrò, Igbókòdá ni mo ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó ku omi.

Àmọ́ àwa náà ní tiwa o. Awakọ̀ á fa okùn ẹ́ńjìnnì, imú ọkọ̀ á gbéra sókè, àwọn ilé orí òpó á máa sá kọjá. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, kómi lè máa ta sí mi lójú. Màámi ní orí mi ò pé. Koríko omi ni katapílà tiwa: tó bá fi lè wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ó kàn máa wojú ara yín ni.

Ibi tó ká mi lára rè é. Mọ́tò tó já sínú ọ̀gbun yẹn kọ́ lèyí tó ń sáré. Miura mìíràn tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jù nù. Èyí tó dáa ṣì wà. Lọ́dún 2019, Lamborghini fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òun gan-an ni.

Ayétòrò ńkọ́? Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Òkun ti kó ilé lọ, ó ti kó ilé ìwé lọ. A ò ní Ayétòrò mìíràn tá a lè jù sómi dípò ẹ̀. Èyí tó ń lọ yìí náà la ní.

Fídíò ò lè dí òkun, mo mọ̀. Ògiri ló lè ṣèyẹn. Àmọ́ ẹni tí ò rí ìlú rí, kí ló máa bá wa gbèjà? Tẹ́ ẹ bá ti wọkọ̀ ní Igbókòdá, ẹ tan kámẹ́rà fóònù yín, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké títí dé èbúté Ayétòrò.

Ẹ fi tiyín sábẹ́ ibí. Mò ń retí.