Ewé Ìdí Ádámù

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwà ìbàjẹ́ ni kí obìnrin máa ya àwòrán ènìyàn ní ìhòòhò. Mo bi í pé: ère obìnrin tó kúnlẹ̀ lójúbọ, tó gbé ọmú síta ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ wọhò.

Suzanne Valadon ni a ń jiyàn lé lórí, ọmọ alágbàfọ̀ tí a bí ní ilẹ̀ Faransé ní 1865. Kí ó tó di ayàwòrán, òun gan-an ni àwọn ọkùnrin ń yà. Renoir yà á; Toulouse-Lautrec yà á. Bó ti dúró gbọnin nítorí owó, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, Degas ra iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn obìnrin tó yà kò fi jọ ọmọlangidi. Ikùn wọn yọ, itan wọn tóbi, wọn kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹni tó ti bọ́ṣọ dúró rí ló mọ̀ pé òtútù ń mú ìhòòhò!

Ní 1909, ó ya Ádámù àti Éfà. Ara tirẹ̀ ló fi ṣe Éfà. André Utter, olólùfẹ́ rẹ̀, ni Ádámù. Kí wọ́n tó lè pàtẹ rẹ̀ ní 1920, ó di dandan kí a kun ewé bo ìdí Ádámù. Éfà wà bó ṣe wà. Èyí ń bí mi nínú títí dòní: àṣé ìhòòhò ọkùnrin nìkan ni èèwọ̀!

Ní 1931, tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó tún ya ara rẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọmú síta, ojú le koko.