Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Ní Kí Màmá Sinmi

Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ tí ojú ń tì mí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni màmá mi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n nígbà náà. Wọn kò já láti orí àtẹ̀gùn, ọkọ̀ kò gbá wọn. Omi díẹ̀ tó dà sílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi ìgbáròkó lélẹ̀. Nígbà tí a gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú ju ti òsì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà síta. Àmì yẹn nìkan ti tó fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan kúrú tó sì yà síta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé eegun itan ti kán níbi ìgbáròkó. Èmi kò mọ̀ ọ́n.

Ẹbí pé jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kan ní ta ló ń fi ọ̀bẹ kan ẹni ọdún 76? Ẹlòmíràn ní òun mọ ìyá kan tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn nítorí irú rẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, tí mo jókòó lórí àga olóòtú tí mo ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe, èmi náà ni mo sì dá ẹjọ́ náà: “Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi ná.”

A pe ọkùnrin kan tó ń to eegun. N kò ní bú u o. Ọwọ́ irú wọn ni apá àti ojúgun ọ̀pọ̀ èèyàn ti jinná nílẹ̀ wa, kó tó di pé ibùdó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní Igbóbì, l'Ékòó, ní 1943, tó sì di ilé ìwòsàn eegun. Ṣùgbọ́n ojúgun kò jìnnà sí awọ, ọwọ́ tó o, oparun lè dì í mú. Ọrùn eegun itan ní tirẹ̀, inú kọ̀rọ̀ oríkèé ló wà, lábẹ́ ẹran tó nípọn, ara rẹ̀ sì ni àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun náà gbà kọjá. Bí ó bá kán, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun mọ́. Kò sí òrí tí a lè fi pa á tí yóò dé ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá mi tó ti kú láti 2003 sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Bàbá wá gbé àwọn kúrò lójú òjò. Àbúrò bàbá mi fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní: “Àkànní, màmá yín ti ń rí àwọn ará ọ̀run. Ẹ má dí wọn lọ́nà.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ tù mí nínú díẹ̀, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì dé láti ọ̀nà jíjìn. Ó rọra yí Màmá ní ẹ̀gbẹ́. Egbò ti là sí bèbè ìdí wọn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi wá ọkọ̀.”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní àwọn ará ọ̀run kọ́ ni Màmá ń rí. Ìrora, òùngbẹ àti àìsàn tó ti wọ inú ìtọ̀ wọn ló da iyè wọn rú. Bí a bá tọ́jú wọn, yóò padà. Ó sì padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan wọn, a san owó ìbẹ̀rẹ̀, a ra irin, a ra ẹ̀jẹ̀, a ra ìbọ̀wọ́ pàápàá. Mo rí ìdílé méjì tó gbé ìyá wọn padà sílé nítorí owó yìí. Orí irin ni wọ́n fi rọ́pò orí eegun Màmá, irú èyí tí Austin Moore àti Harold Bohlman kọ́kọ́ fi sí itan èèyàn ní Amẹ́ríkà ní 1940.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ní kí Màmá dìde dúró. Màmá ké. Mo dìde, mo jágbe mọ́ ọmọ náà lójú gbogbo wọ́ọ̀dù: “Ṣé ìwọ kò ní ìyá nílé ni?”

“Mo ní, sà,” ló dá mi lóhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di apá wọn kejì mú.”

Ìgbà tí mo délé ni mo tó lọ wá ohun tó yẹ kí n ti wá ṣáájú. Eegun tó kán gan-an kọ́ ló sábà ń pa àgbàlagbà, ìdùbúlẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti sùn gbalaja, ẹ̀dọ̀fóró kì í gbòòrò dáadáa mọ́, òtútù àyà a wọlé. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó sì lè gbéra lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Awọ a máa jẹrà, okun tó ṣẹ́ kù lára a sì máa gbẹ. Nínú àgbà 10 tí ìgbáròkó wọn kán, nǹkan bí 2 sí 3 ni kì í lo ọdún kan sí i láyé. Ní Ìlú Ọba, láti 2011, ìlànà àjọ NICE ni pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí aláìsàn dé tàbí lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì gbé e dìde lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo torí rẹ̀ bú ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì McMaster ní Kánádà ṣáájú rẹ̀, tí ìwé Lancet gbé jáde ní 2020, gba aláìsàn 2,970 ní ilé ìwòsàn 69 ní orílẹ̀-èdè 17. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan nínú wọn ní nǹkan bí wákàtí 6 lẹ́yìn tí wọ́n mọ̀ pé eegun kán, apá kejì ní nǹkan bí wákàtí 24. Iye àwọn tó kú láàárín 90 ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 9 nínú 100 lápá kan, 10 nínú 100 lápá kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tètè ṣe tiwọn, àwọn tí iyè wọn dàrú kéré sí i, wọ́n sì tètè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Wákàtí 6 àti wákàtí 24 ni àwọn yẹn ń fi wéra. Wákàtí 216 ni èmi fi ní kí Màmá sinmi.

Ìwádìí tó jáde nínú ìwé Age and Ageing ní 1991 ti sọ pé irú kíkán yìí kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi ti Ìlú Ọba. Bóyá ìdí nìyẹn tí àmì ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn kò fi yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fẹ́ràn àwáwí yìí, ṣùgbọ́n kò gbà mí: àbúrò mi mọ̀ ọ́n, mo sì ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Màmá ń rìn báyìí, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó gba egbò yẹn ní oṣù mẹ́rin kó tó jinná. Wọn kò rántí ohunkóhun nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n bi mí pé, “Àkànní, ìgbáròkó ni mo fi ṣubú, kí ló wá dé tí àpá fi wà ní bèbè ìdí mi?”

Mo ní kí n lọ bu omi wá fún wọn.